Ìyẹ̀fun Lẹ́nu Ọ̀nà Vathani

Láti ìgbà tí àìsàn ti wọ Vathani lára, mi ò lè gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá kí n má wolẹ̀. Àbúrò ọkọ mi ni. Àwa la wà lókè, òun ló wà nísàlẹ̀ nínú ilé kan náà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta ló so gbogbo ilẹ̀kùn pọ̀. Bí mo bá ti ki ẹsẹ̀ bọ bàtà rọ́bà mi ní kùtùkùtù, tí mo ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sílé-iṣẹ́ ẹja, ẹsẹ̀ mi á dúró fúnra rẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí mo bá rí kolam nílẹ̀, ó ti jí nìyẹn, ẹ̀mí rẹ̀ wà. Mo lè lọ máa la ikùn ẹja pańla láìsí ìfòyà. Bí mi ò bá rí i ńkọ́? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.

Kolam ni àwòrán tí àwa obìnrin Tamil máa ń fi ìyẹ̀fun ìrẹsì yà síwájú ilé láràárọ̀. A ó kọ́kọ́ fi ìka bu ìyẹ̀fun sílẹ̀ ní tótòtó, a ó wá máa fa ìlà yí àwọn tótòtó náà ká, ìlà kan ṣoṣo tó ń lọ tó ń bọ̀, tí kò gbọdọ̀ já, títí yóò fi padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ilé tó bá yà á, àlàáfíà ló wà níbẹ̀. Ilé tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ kò gbọdọ̀ yà á títí oṣù kan yóò fi pé. Ní Jaffna tí wọ́n ti bí wa, kò dìgbà tí ẹnikẹ́ni bá pariwo pé èèyàn kú. Ilẹ̀ lásán lo máa rí láàárọ̀, wàá sì mọ̀.

Ní tèmi, ọ̀lẹ ni mí. Iṣẹ́ ẹja ti ba ẹ̀yìn mi jẹ́, ta ló fẹ́ máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀? Mo ra kolam oníláílọ́ọ̀nù, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú ilẹ̀kùn mi, ó parí. Vathani ò jẹ́ kí n gbádùn lórí ọ̀rọ̀ náà.

"Àǹtí Malar, kolam yín yìí, ṣé ẹ máa ń fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ ni àbí ẹ máa ń gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń lọṣọ?"

"Jókòó síbẹ̀. Ìwọ tí o ò ní ọkọ tí o máa gbọ́únjẹ fún, o ò ní rí àyè yàwòrán?"

Bí a ṣe máa ń bú ara wa nìyẹn. Inú mi máa ń dùn tó bá bú mi, nítorí àkókò kan wà tí kì í sọ̀rọ̀ rárá. Ogun tó jà nílé ló jẹ gbogbo ọdún tó yẹ kó fi lọ́kọ. Ìgbà tí ọkọ mi fi rí i gbà síbí, sí òkè téńté ilẹ̀ Norway yìí, kò sí ohun tó wà lára rẹ̀ ju ojú lọ. Á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, á máa wo òkun. Tó o bá ní kó jẹun, á jẹ. Tó o bá ní kó sùn, á sùn. Báyìí ló wà títí wọ́n fi bá jẹjẹrẹ nínú ọmú rẹ̀.

Wọ́n gé ọmú náà, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í fa oògùn líle sí i lára. Oògùn náà kó irun orí rẹ̀ lọ, ó sọ oúnjẹ di ewúro lẹ́nu rẹ̀, ó sì pa ìka ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kú. Tó bá di ife mú, ife á já bọ́. Bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀, èmi ni mò ń bá a dè é. Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Ingunn sọ fún un pé kó wá nǹkan tí yóò máa fi ìka náà ṣe lójoojúmọ́, ìbáà ṣe ìránṣọ, ìbáà ṣe àwòrán, kó má jókòó lásán. Vathani ò dá a lóhùn. Mo binú débi pé nígbà tá a wọ bàálù kékeré tó ń gbé wa padà sílé láti ilé ìwòsàn, mi ò bá a sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ kejì ni mo rí ìyẹ̀fun lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Bí ẹni pé adìẹ ló tú u ká. Àwọn tótòtó yẹn ò dọ́gba, ìlà já síhìn-ín já sọ́hùn-ún. Ó jókòó ti ara rẹ̀ sí ilẹ̀kùn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ń fi í han Amma, ìyá rẹ̀, ní Jaffna lórí fóònù.

"Kí lèyí?" Ohùn Amma ń ta yanyan láti inú fóònù. "Ṣé ẹsẹ̀ lo fi yà á ni?"

"Amma, ìka mi ti kú."

"Ìka ló kú. Ṣé ojú náà ti kú ni? Tún un yà lọ́la, jàre."

Vathani sì bú sẹ́rìn-ín. Èmi tí mo ti ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ látìgbà tó ti dé, mi ò mọ̀ pé bó ṣe ń rẹ́rìn-ín nìyẹn. Omi dé sí mi lójú, mo yára sá lọ síbi iṣẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ló di ojoojúmọ́. Ó ń yà á, Amma ń bú u. Ìka ń jí díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ oògùn yẹn ò rọ̀, Vathani á dùbúlẹ̀ bí aṣọ tútù fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n bá fà á sí i lára. Lọ́jọ́ kan tí mò ń bá a nu ẹnu, ó dì mí lọ́wọ́ mú.

"Àǹtí, tí kì í bá ṣe ti Amma ni, mi ò bá ti sọ fún wọn pé kí wọ́n fi mí sílẹ̀. Oògùn yìí ń pa mí ju àìsàn lọ. Ìgbà tí wọ́n bá fún mi ní èyí tó kẹ́yìn, ilé ni mò ń lọ. Màá jókòó sáàárín ẹsẹ̀ Amma, á fi òróró àgbọn pa mí lórí."

"Orí wo? Orí tó ń dán bí àwo yìí?"

"Irun á ti hù nígbà yẹn."

Ọ̀rọ̀ yìí ló wà lọ́kàn mi láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi pè láti Jaffna pé Amma ti sùn kò jí. Ọkọ mi fi fóònù sílẹ̀ lórí tábìlì. Kò sunkún. Ó ní, "A ò ní sọ fún Vathani."

"Bàbá Abinaya, ìyá rẹ̀ ni o!"

"Ìyá tèmi náà ni. Ẹni tí ìyá yẹn nìkan ló ń mú kó gba oògùn, tá a bá sọ fún un, ṣé á tún gbà á? Òkú kan tó mi, Malar. Mi ò lè sin méjì."

Kí ni mo fẹ́ sọ? Òótọ́ ló sọ. Kò lè bá wọn lọ sin ìyá rẹ̀ nílé, nítorí tó bá wọ bàálù, Vathani á béèrè. Inú yàrá tá a ti ń pààrọ̀ aṣọ nílé-iṣẹ́ ẹja ló ti wo ìsìnkú náà lórí fóònù, tòun ti épúrọ́ọ̀nù rọ́bà lára. Nígbà tí wọ́n fi iná sí igi tí wọ́n tẹ́ Amma lé, bí a ṣe ń sin òkú wa, ó pa fóònù, ó padà sídìí ẹja. A ò sọ fún ẹyọ Tamil kan nílùú yìí, pàápàá Àǹtí Yogam tá a jọ ń ṣiṣẹ́, tí ẹnu rẹ̀ kì í gba omi dúró. A sọ fún Vathani pé Amma ti lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Mullaitivu, pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ ò dáa.

"Ìgbà wo ló ń bọ̀?" ni Vathani bi mí.

"Kò ní pẹ́."

"Kò sọ fún mi pé òun ń rìnrìn àjò."

"Ṣé gbogbo nǹkan ni ìyá ẹ máa ń sọ fún ẹ?"

Mo jágbe mọ́ ọn kó má bàa rí ojú mi. Láti ọjọ́ náà, àyà mi ò sọ̀ kalẹ̀. Tí mo bá gbọ́ tí fóònù rẹ̀ dún nísàlẹ̀, màá tẹ́tí sílẹ̀. Ta ni? Ta ló tún fẹ́ lọ tú àṣírí náà fún un? Kolam oníláílọ́ọ̀nù mi tó yẹ kí n ṣí kúrò nílẹ̀ nítorí ọ̀fọ̀, mo fi sílẹ̀ kó má bàa fura. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí rẹ̀ bí olè.

Ọ̀fọ̀ tiwa, a kì í jẹ ẹja, a kì í jẹ ẹran, ọkùnrin kì í sì í fá irùngbọ̀n, títí oṣù á fi pé. Ẹ wá wò ó, èmi àti ọkọ mi ń gbóòórùn ẹja láti àárọ̀ dalẹ́, a wá ń jẹ ẹ̀wà pupa bí ẹni tó jẹ̀bi. Ó di ọjọ́ Sunday kan, mo gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ ẹni tó ń dúró mí, tó tún ń gòkè. Vathani ni. Ó gbé ìkòkò dání.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹja ni mo sè. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi gé e, mo gé àlùbọ́sà, mo lọ ata. Nǹkan kan ò já bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ jókòó."

Inú rẹ̀ dùn débi pé etí rẹ̀ pọ́n. Ó bu ìrẹsì fún ọkọ mi, ó wá bu ọbẹ̀ ẹja náà lé e, ó fi èyí tó tóbi jù sí i. Mo wo ojú ọkọ mi. Òun náà wò mí. Èmi ní inú ń run mí, irọ́ ti di oúnjẹ òòjọ́ mi nígbà yẹn. Àmọ́ òun, ọ̀nà wo ló fẹ́ gbà kọ oúnjẹ àkọ́kọ́ tí àbúrò rẹ̀ sè látìgbà tí àìsàn ti dá a wólẹ̀?

Ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀, èyí tí kò fá látìgbà tí Amma ti kú. Ó gé ẹja, ó fi sẹ́nu. Mo rí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ tó ń lọ sókè tó ń lọ sísàlẹ̀, tí ẹja náà ò sì wọlé. Ó mu omi. Ó jẹ ẹ́ tán. Ó tún ní kó bù sí i! Lẹ́yìn náà ló dìde, ó lọ sílé ìwẹ̀, mo sì gbọ́ tó ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀ gbùúù.

"Ata ni," ni mo sọ. "Ó ta á."

Vathani wo ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ náà fún ìgbà díẹ̀. "Mo ti fi ata sí i jù," ló wí. "Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́." Ó gbé ìkòkò rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀. Mo mí kanlẹ̀. Mo rò pé a ti yege.

Láti ọjọ́ yẹn ni kolam rẹ̀ yí padà. Tẹ́lẹ̀, ọ̀kan náà ló máa ń yà, èyí tó rọrùn tí àwọn ọmọdé fi ń kọ́ iṣẹ́. Ní báyìí, tòní ò jọ tàná. Mo rí ẹyẹ méjì tó kọjú síra wọn. Mo rí òdòdó omi. Mo rí àtùpà. Mo rí ọ̀kan tó kún ilẹ̀ láti ilẹ̀kùn rẹ̀ títí dé ìdí àtẹ̀gùn, tí ìlà rẹ̀ ń wọ inú ara wọn débi pé mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fi ojú tẹ̀ lé e, ojú mi rẹ̀, mi ò rí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Arvid, bàbá arúgbó tó ń gbé ní ilẹ̀kùn kejì, máa ń fò ó bí ọmọdé kó má bàa tẹ̀ ẹ́. Àwọn Tamil tó ń kọjá lọ síbi iṣẹ́ á dúró wò ó. Àǹtí Yogam ní, "Ẹ ò rí i pé ara ọmọ yìí ti yá!"

Ó yẹ kí inú mi dùn, ó sì dùn. Àmọ́ kò béèrè Amma mọ́. Kò béèrè lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn ló wá ń bà mí lẹ́rù ju ìgbà tó ń béèrè lọ. Mo sọ fún ọkọ mi, ó ní kí n pa ẹnu mi mọ́ jẹ́ẹ́, kí n má lọ jí wàhálà tó ń sùn.

A lọ fún oògùn. Ingunn ń wá iṣan lápá rẹ̀, ó wá bi í léèrè, bí ẹni ń dá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lára yá, "Màmá tó máa ń bú ẹ lórí fóònù ńkọ́?"

Mo di àga mú.

"Ó wà," ni Vathani wí. Ó na apá rẹ̀ dáadáa fún abẹ́rẹ́. "Ẹ máa gún un lọ."

Mo dúpẹ́, mo tún ń bẹ̀rù. Títí tá a fi délé ni mò ń wo ìka rẹ̀ lórí itan rẹ̀. Ó dà bíi pé ó ń fa ìlà kan tí mi ò rí.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí oṣù náà pé, mo sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Yìnyín ń já bọ́ lójú títì. Mo wo ilẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Wọ́n ti gbá a, wọ́n ti fi omi fọ̀ ọ́, omi náà ti ń dì. Mo wo ibòmíràn, mo tún padà wò ó. Ilẹ̀ lásán ni.

Mi ò mọ bí mo ṣe pariwo. Mo ń gbá ilẹ̀kùn, "Vathani! Vathani o! Ṣílẹ̀kùn, mo bẹ̀ ẹ́!" Mo di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, àṣé kò tì í. Mo já wọlé.

Ó jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun, ó da aṣọ náà bo orí rẹ̀. Ó ti wẹ̀, omi ṣì ń kán lára rẹ̀.

"Ẹ ti ilẹ̀kùn, Àǹtí," ló wí. "Òtútù ń wọlé."

Mo jókòó sílẹ̀ tòun ti bàtà rọ́bà. Mo gbá a léjìká. "Ṣé o fẹ́ pa mí ni? Ṣé orí ẹ dà rú? Kí ló dé tí o ò yàwòrán?"

"Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kì í yà á."

Ó wò mí, ojú rẹ̀ pọ́n, àmọ́ kò mì.

"Mo mọ̀, Àǹtí. Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi jẹ ẹja yẹn ni mo mọ̀. Mo rí irùngbọ̀n rẹ̀, mo rí ọ̀fun rẹ̀. Ọkùnrin tó fẹ́ràn ẹja tó yẹn."

"O mọ̀, o wá jẹ́ kó bù sí i? Ọkùnrin náà bì títí ìfun rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ já! Ìkà ni ẹ́!"

"Kò sóhun tí mo lè ṣe. Ó ti fẹ́ kí n má mọ̀. Tí mo bá sunkún níwájú rẹ̀, ẹja tó jẹ yẹn á di kí ni?" Ó fi aṣọ nu imú. "Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo sọ pé mi ò ní yà á. Mo jókòó bí mo ṣe jókòó yìí. Mo wá gbọ́ bàtà yín lókè. Mo mọ̀ pé ẹ máa dúró. Ojoojúmọ́ ni mo máa ń gbọ́ tí ẹ máa ń dúró síwájú ilẹ̀kùn mi, tí ẹ máa ń mí. Mo ní tí Àǹtí bá rí ilẹ̀ lásán, á rò pé mo ti kú. Mo yára yà á. Mo mọ̀ pé èèwọ̀ ni."

"Vathani."

"Nígbà tó ti di èèwọ̀ náà, mo ní kí n kúkú yà á dáadáa. Gbogbo kolam tí Amma kọ́ mi láti kékeré, mo bẹ̀rẹ̀ láti orí àkọ́kọ́. Ọ̀kan lójúmọ́. Tí mo bá gbàgbé ibi tí ìlà máa gbà, màá jókòó títí màá fi gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń bú mi, ìka mi á wá rántí. Mo ń sunkún sínú ìyẹ̀fun ni. Àná ni mo ya èyí tó kẹ́yìn. Kò sí èyí tí Amma kọ́ mi tó kù mọ́." Ó ṣí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì hàn mí. "Ẹ jẹ́ kí n ṣọ̀fọ̀ ìyá mi wàyí."

"Oògùn tí a lọ gbà yẹn ńkọ́? O ti mọ̀ nígbà yẹn, o wá na apá."

"Àǹtí, tí mo bá kú, ta ló mọ àwọn àwòrán yẹn? Ẹ̀yin oníláílọ́ọ̀nù?"

Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ẹkún, mo sì ké e síta. Mo ti gbé ẹkún ìyá ọkọ mi kiri fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ láìrí ibi gbé e sí. Ọkọ mi gbọ́ ariwo, ó sáré sọ̀ kalẹ̀ láìwọ bàtà. Ó dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó rí aṣọ funfun, aṣọ ọ̀fọ̀ wa. Kò béèrè nǹkan kan. Ó wólẹ̀, ó gbé orí lé itan àbúrò rẹ̀, ó sì sunkún bí ọmọdé. Vathani ń fi ìka rẹ̀ tó ti jí rọra pa á lórí.

"Ẹja yẹn," ni ọkọ mi ń sọ. "Ẹja yẹn, Vathani."

"Ó dáa, ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti tán."

Ibi tá a wà nìyẹn tí igbe kan fi sọ níta. Àǹtí Yogam ń kọjá lọ síbi iṣẹ́, ó wolẹ̀ bí gbogbo wọn ṣe ti ń wolẹ̀, ilẹ̀ lásán ló rí, ó sì gbọ́ ẹkún nínú ilé aláìsàn. Kí ló tún fẹ́ rò?

"Yéè! Vathani ti lọ! Ọmọ yìí ti lọ o! Ẹ gbà mí! Àná yìí náà ló ya ẹyẹ ológe sílẹ̀! Yéè, Vathani!"

Àwọn ilẹ̀kùn ń ṣí lókè nísàlẹ̀. Mo gbọ́ ohùn Arvid tó ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Bàtà àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ ń dúró, ẹlòmíràn ti ń bá a sunkún. Ọkọ mi fẹ́ dìde, Vathani fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó di ògiri mú, ó dìde fúnra rẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn.

Àǹtí Yogam rí aṣọ funfun, ó figbe bọnu, ó fi ìdí jókòó sínú yìnyín. Vathani dúró lórí ilẹ̀ lásán náà láìwọ bàtà, ó ń gbọ̀n, ó sì gbé ohùn sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́.

"Èmi kọ́, Àǹtí Yogam. Ìyá mi ló kú. Èmi ṣì wà."